Alága Khoo àti Ọ̀dán Tó Sọ Di Òòṣà

Ẹni tó bá fẹ́ràn àga ńlá, kó fa àpótí kékeré kan mọ́ra, kó jókòó, kó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ Alága Khoo Bing-tek ṣe rí nílùú Lamkeng. Kó jókòó ni mo wí o. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dìde fún wọn náà lẹ ń bà wọ́n jẹ́.

Alága kánsù Lamkeng ni Khoo, ìlú àwọn olùtọ́jú igi ní gúúsù Taiwan, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Orúkọ rẹ̀ wà lára ibùdókọ̀, ó wà lára agboòrùn tí wọ́n ń pín lọ́dún tuntun, àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ ìlú, níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín sí àwọn tí kò ráyè dá a lóhùn. Ọkọ̀ ìkólẹ̀ tó máa ń kọrin kiri àdúgbò nírọ̀lẹ́, ó ní kí wọ́n dá orin rẹ̀ dúró láàárín, kí wọ́n fi ohùn òun bọ̀ ọ́: "Èmi Khoo Bing-tek, alága yín, ni mo ní kí ẹ gbé ìdọ̀tí yín jáde." Àwọn ìyá ilé ní láti ìgbà náà làwọn ti ń sáré gbé e jáde, kí ohùn náà lè tètè kọjá.

Tó bá wọ ọ́fíìsì, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde. Tó bá sín, Akọ̀wé Liau, ọkùnrin tó fi ahọ́n gun àkàbà dé ipò, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà." Alága á mi orí, bí ẹni pé sísín náà wà nínú ètò ọdún.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Ní Lamkeng, kò sí ẹ̀yìnkùlé tí kò ní ọ̀dán arárá, igi ńlá tí wọ́n tọ́ di kékeré sínú àwo pẹlẹbẹ, tó gbó bí baba ńlá ènìyàn, tí kò sì ga ju orúnkún lọ. Ará Lamkeng kì í wo ewé igi. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ wò: ṣé gbòǹgbò rẹ̀ nípọn, ṣé ó yọ síta dáadáa, ṣé ó di ilẹ̀ mú bí ẹsẹ̀ àkùkọ ṣe ń di ẹ̀ka mú. Bí wọ́n ṣe ń wo igi náà ni wọ́n ṣe ń wo ènìyàn. Bàbá bàbá Alága ló wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti erékùṣù Penghu, àpò kan ṣoṣo ló gbé dání. Ìran kẹta ni Alága jẹ́ nílùú náà, ṣùgbọ́n lójú Lamkeng, àná ni wọ́n dé.

Ní ìpàdé kánsù kan, Tan Hok-sing, kánsílọ̀ tí èso tó máa ń rún lẹ́nu ti sọ eyín rẹ̀ di pupa, dá Alága dúró láàárín ọ̀rọ̀ gígùn kan tó ń sọ nípa ara rẹ̀. Ó ní, "Alága, ewé yín pọ̀, ẹ̀ka yín náà gùn, àmọ́ gbòǹgbò yín dà nílùú yìí?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Kódà Akọ̀wé Liau wúkọ́, ikọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rín.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Alága lákínyẹmí ara. Kì í ṣe nítorí ìtìjú nìkan. Ẹgbẹ́ òṣèlú wọn fẹ́ yan ẹni tí yóò du ipò gómìnà àgbègbè, Alága sì ti ń lá àlá ipò náà lójú ṣíṣí. Ọ̀gá Teng, àgbà ẹgbẹ́, ti ránṣẹ́ pé òun yóò wá síbi ìpàtẹ igi Lamkeng, òun fẹ́ fojú ara òun rí i bóyá àwọn ará ìlú ka Khoo sí ọmọ wọn. Bí wọ́n bá gbà á, ọ̀nà gómìnà ti là. Bí wọn ò bá gbà á, ibi tó dé náà ló dé yẹn.

Lọ́jọ́ kejì ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. "Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, "wọ́n ti bi mí ní gbòǹgbò. Ìbéèrè ńlá ni. Ènìyàn kékeré náà máa ń ṣèèṣì béèrè ìbéèrè ńlá. Èmi yóò gbé gbòǹgbò kan kalẹ̀ nínú ọ́fíìsì yìí, ẹni tó bá rí i yóò gbàgbé ti baba tirẹ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé Liau pàtẹ́ tiẹ̀ títí aago fi já lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ wà. Ilé Ìyá Ang Siok-bi ni, opó kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ. Ọkọ náà ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tọ́ ọ̀dán kan. Lọ́dọọdún, ó máa ń yọ díẹ̀ péré lára erùpẹ̀ òkè, kí oòrùn lè máa bá gbòǹgbò náà sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí awọ rẹ̀ yóò fi le. Apá tó ṣì wà nísàlẹ̀ rọ̀ bí ara ọmọ tuntun, kò tíì tó fihan ẹnikẹ́ni. Ikú ló dá iṣẹ́ náà dúró, ìyàwó rẹ̀ sì ń bá a lọ láti ibi tí ọkọ bá a dé.

Alága wá pẹ̀lú èrò àti ayàwòrán. Ó ní ìlú ń yá igi náà títí ìpàtẹ yóò fi parí, ó sì búra níwájú àwòrán olóògbé. Àwọn aládùúgbò ti gun orí ògiri, wọ́n ń wò. Ìyá Ang wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú tì í láti kọ̀. "Bing-tek," ó ní, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ti pe Alága lórúkọ láti ìgbà tó ti dórí àga, "tí ẹ bá gbé e délẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan erùpẹ̀ ẹ̀. Omi nìkan ni kẹ́ ẹ máa wọ́n sí i. Ṣé o gbọ́?"

Alága ní òun gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí àwọn alága ṣe máa ń gbọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé igi náà dórí tábìlì ńlá níwájú àga rẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn. Gbòǹgbò tó yọ síta nípọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fura pé èyí tó wà nísàlẹ̀ tún nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì gbà pé jìbìtì gbáà ni kí gbòǹgbò wà kí aráyé má rí i. Ó ránṣẹ́ pe panápaná. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ panápaná Lamkeng, tó ti ń retí iná láti ìgbà tí wọ́n ti rà á, ṣe fọn fèrè wọ ọgbà kánsù wá láti fi rọ́bà omi fọ erùpẹ̀ ìdí igi kan tí kò ga ju orúnkún lọ.

Erùpẹ̀ lọ. Gbòǹgbò yọ síta lódindi, ó ki bí itan àwọn tó ń jìjàkadì, ó lọ́ mọ́ra, ó funfun nísàlẹ̀ níbi tí oòrùn kò tíì dé rí. Èyí tó nípọn jù dábùú orí àwọn yòókù, ó na orí rẹ̀ síwájú tààrà. Omi lé lójú Alága. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa tẹríba fún igi náà kí wọ́n tó jókòó, kí wọ́n sì sọ pé, "Gbòǹgbò Alága, ẹ káàárọ̀." Ẹni tó bá pẹ́ dé á tẹríba lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbà tí ayàwòrán fẹ́ ya igi náà ni Akọ̀wé Liau rí àpá kan lára rẹ̀. Láti bo àpá yẹn, ó mú aṣọ pupa, ó fi di igi náà níbàdí. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa, níbi tí aṣọ pupa ti jẹ́ àmì igi òòṣà, ti mọ ohun tó kàn. Kí wọ́n tó mu tíì ọ̀sán, ìyá àgbà kan tó wá san owó omi ti rí ọ̀dán tó so aṣọ pupa mọ́dìí, ó ti pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó ti forí balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tùràrí ti ń rú níwájú tábìlì, ọsàn ti wà nínú àwo. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, èrò ti tò láti ọ́fíìsì dé òpópónà: ẹni ń bẹ Baba Ọ̀dán fún ọmọ, ẹni ń bẹ ẹ́ pé kí ẹlẹ́dẹ̀ òun yé ṣàìsàn.

Ó yẹ kí Alága dá wọn lẹ́kun. Àmọ́ bí àwọn ènìyàn náà ṣe ń forí balẹ̀ fún igi, ibi tí àga rẹ̀ wà ni orí wọn ń kọjú sí. Ó gbádùn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ó ní kí wọ́n ra igi ìbéèrè méjì wá láti tẹ́ńpìlì, àwọn igi pupa tó rí bí àwẹ́ òṣùpá. Bí ọ̀kan bá dojú bolẹ̀ tí èkejì kọjú sókè, òòṣà ti gbà. Bí méjèèjì bá kọjú sókè, ẹ̀rín ló ń rín. Bí méjèèjì bá dojú bolẹ̀, ó ti kọ̀.

Alága bi Baba Ọ̀dán bóyá kí ìlú kọ́ ẹnu ọ̀nà ńlá tí orúkọ Khoo yóò wà lórí rẹ̀. Baba Ọ̀dán gbà. Ó bi í bóyá abẹ́ igi tó ní ibòji jù nínú ọgbà kánsù ni ó yẹ kí ọkọ̀ Alága máa wà. Ó gbà. Ó bi í bóyá ó yẹ kí Kánsílọ̀ Tan máa sọ ju gbólóhùn méjì lọ nínú ìpàdé kan. Baba Ọ̀dán kọ̀ pátápátá. Akọ̀wé Liau ló ń ju igi ìbéèrè, òun náà ló ń sáré ṣà wọ́n kí ojú ẹlòmíràn tó kàn wọ́n. Níkẹyìn Alága gba orí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìlú, èyí tó wà lórí òpó ní gbogbo àdúgbò títí dé ibi àwọn adágún ẹja, ó kéde pé láti òní lọ, ohun tí Baba Ọ̀dán bá gbà, kánsù kò ní í takò ó, ohun tó bá kọ̀, kánsù kò ní í ṣe é. Wọ́n dìbò sí i. Tan ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè, ìdùnnú rẹ̀ pọ̀ débi pé ó yẹ kí ó ti ba Alága lẹ́rù.

Ṣùgbọ́n òòṣà tí kò ní erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀, ẹ sọ fún mi, báwo ni yóò ṣe pẹ́? Ìta tó yẹ kí gbòǹgbò náà mọ̀ lọ́dún mẹ́wàá, wọ́n ti lé e jáde sí i lọ́jọ́ kan. Awọ funfun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hunjọ. Èyí tó nípọn jù, tó na orí síwájú, gbẹ láti ìparí, ó sì sán. Ewé ń pọ́n, wọ́n ń já bọ́ sínú tùràrí. Àwọn olùjọsìn ní àmì ni. Alága náà rí i pé àmì ni lóòótọ́, nítorí Ọ̀gá Teng ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Ẹ má rò pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ọ̀rọ̀ Lamkeng kọ́ nìyẹn. Ọmọdé inú ilé ìwé pàápàá lè sọ ọ́: kí wọ́n fi ayùn gé gbòǹgbò tó gbẹ títí wọn yóò fi kan ibi tó ṣì ní oje, kí wọ́n fi koríko tútù tó máa ń hù lára òkúta wé àwọn yòókù, kí wọ́n da erùpẹ̀ bò wọ́n, kí wọ́n gbé igi sí ibòji. Alága ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn àgbà olùtọ́jú igi. Wọ́n wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí irú erùpẹ̀ tó dára jù. Nígbà tí Alága ní ó yá, kí wọ́n gé e, gbogbo wọn dìde, wọ́n gbọn orúnkún wọn nù. Ọ̀kan ní igi lòun ń gé, òun kì í gé ẹsẹ̀ òòṣà. Èkejì ní ìyàwó òun lóyún. Ẹ̀kẹta ní òun gbàgbé ayùn sílé, bẹ́ẹ̀ ayùn náà ń yọrí lápò rẹ̀.

Ìyá Ang gbọ́, ó sì gun alùpùpù rẹ̀ wá. Ó rí ohun tí wọ́n ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ọkọ mi tọ́ igi yìí bí ọmọ," ó ní. "Bing-tek, gbé e fún mi kí n máa lọ. Tó bá tún fi ọjọ́ díẹ̀ sí i báyìí, ó máa kú."

Ojú Alága rọ̀, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ó rí i pé òótọ́ ni obìnrin náà ń sọ. Ṣùgbọ́n bí igi bá lọ, kí ni Ọ̀gá Teng máa rí? Ó gún ara rẹ̀ ró. Ó ní, "Màmá, ọwọ́ mi kọ́ ló wà. Òfin ìlú ni pé a ò gbọdọ̀ gbé Baba Ọ̀dán láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbà." Ìyá Ang bi í léèrè ta ló ṣe òfin náà. Alága ní ìlú ni.

Ọjọ́ ìpàtẹ pé. Wọ́n gbé Baba Ọ̀dán jáde síwájú kánsù, tùràrí ń rú, Ọ̀gá Teng jókòó lórí àga ńlá pẹ̀lú àwọn àlejò tó bá a wá. Alága fọkàn sí i pé òun yóò gba àṣẹ lójú gbogbo ayé, wọn yóò gé gbòǹgbò náà lójú ẹsẹ̀, Ọ̀gá Teng yóò sì rí bí ìlú àti òòṣà ṣe ń gbọ́ràn sí òun lẹ́nu. Ó kúnlẹ̀ nínú kóòtù tuntun, ó di gbohùngbohùn mú. Ó fi oríkì tó gùn kí igi náà, ó dárúkọ ara rẹ̀ nínú oríkì ọ̀hún ju bó ṣe dárúkọ igi lọ, ó wá tọrọ àṣẹ.

Ó ju igi ìbéèrè. Méjèèjì kọjú sókè. Baba Ọ̀dán ń rẹ́rìn-ín.

Alága náà rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló ń dùn. Ó ṣèlérí pé wọn yóò ṣe eré ìta fún un ní alẹ́ mẹ́ta gbáko. Ó tún jù ú. Baba Ọ̀dán tún rẹ́rìn-ín. Ó ṣèlérí àgbò, ó rántí pé òòṣà ọ̀dán kì í jẹ àgbò, ó sọ ọ́ di pẹ́pẹ́yẹ. Méjèèjì dojú bolẹ̀. Bàtà Akọ̀wé Liau rọra sún mọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìyá àgbà kan ní kí ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ òòṣà, gbogbo èrò sì yíjú sí bàtà náà títí ó fi padà sílé.

Ìyá Ang ti àwọn ènìyàn sápá kan, ó bọ́ síwájú. Ó ní kí wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ bá òun lọ sílé. Alága ní ìbéèrè yẹn kò sí nínú ètò. Èrò ní kí wọ́n bi í. Ìyá Ang kò dúró de ẹnikẹ́ni, ó ṣa igi ìbéèrè náà nílẹ̀, kò ki ẹnikẹ́ni ní oríkì, ó kàn ní, "Ṣé o máa bá mi lọ?" Ọ̀kan dojú bolẹ̀, ọ̀kan kọjú sókè. Ó tún jù ú, bákan náà. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kẹta, kò yàtọ̀. Ariwo sọ.

Ohun tó ti ń hó nínú Alága láti ọjọ́ tí wọ́n ti bi í ní gbòǹgbò wá ru bo orí. Ó gbàgbé pé gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ òun. "Igi ni," ó ní. "Igi lásán ni. Ṣé igi ni yóò máa sọ ohun tí èmi máa ṣe fún mi? Kò gbọ́, kò mọ nǹkan kan, ẹ̀yin òmùgọ̀ wọ̀nyí lẹ sọ ọ́ di òòṣà." Ọ̀rọ̀ náà gba orí gbogbo òpó kọjá. Àwọn tó wà nídìí adágún ẹja gbọ́ ọ. Àwọn tó wà nílé ìyàgbẹ́ gbọ́ ọ, lábẹ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Kánsílọ̀ Tan dìde, ó nu ẹnu rẹ̀ pupa, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ iye gbólóhùn tí òfin fún un.

"Alága, tó bá jẹ́ òòṣà ni, ó ti ní òun fẹ́ lọ sílé. Tó bá jẹ́ igi lásán ni, igi Ìyá Ang ni, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ."

Ó jókòó. Àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ẹnu ọ̀nà ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè ta ló wá fọwọ́ sí iṣẹ́ tí àwọn ń ṣe. Ọ̀gá Teng dìde, ó yin ojú ọjọ́, ó ní àwọn kan ń retí òun níbòmíràn. Kò fọwọ́ kan tíì.

Ìyá Ang tú aṣọ pupa kúrò, ó ká a, ó fi lé Akọ̀wé Liau lọ́wọ́. Igi tí kò sẹ́ni tó lè gé tẹ́lẹ̀, gbogbo ìlú ló tẹ̀ lé e délé, oníkálukú pẹ̀lú ayùn tirẹ̀, àwọn tí ìyàwó wọn lóyún ló ṣáájú. Ìyá Ang lé wọn sẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló gé gbòǹgbò ńlá náà, díẹ̀díẹ̀, ó gbẹ, ó gbẹ, ó gbẹ, títí oje funfun fi yọ ní ojú ọgbẹ́. Ó fi ìka kàn án. Ó ní ó ṣì wà láàyè, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú erùpẹ̀, inú rẹ̀ dùn.

Ẹgbẹ́ yan ẹlòmíràn. Nígbà tí ìbò kánsù dé, Lamkeng náà yan ẹlòmíràn, Akọ̀wé Liau sì ti ń kí ẹlòmíràn náà kú iṣẹ́ ìlú nígbàkigbà tó bá sín. Khoo, tí a kò ní í pè ní Alága mọ́, jókòó sílé. Ó máa ń dìde fún ara rẹ̀ tó bá gba iwájú dígí kọjá, àṣà burúkú kì í tètè lọ.

Lọ́jọ́ kan nírọ̀lẹ́, ó wá sílé Ìyá Ang. Ọ̀dán náà wà lábẹ́ ibòji, erùpẹ̀ bò ó lẹ́sẹ̀, ewé tuntun pupa wẹ́wẹ́ ti ń yọ lórí rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́, kò fi ọ̀rọ̀ gígùn kún un. Ìyá Ang ní òun ti gbọ́, kó jókòó. Wọ́n wo igi náà títí. Khoo wá sọ ọ́, ní ohùn tí kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rí, pé ohun tó dun òun jù ni pé òótọ́ ni Tan sọ, òun ò ní gbòǹgbò nílùú yìí.

Ìyá Ang wò ó bí ẹni tó rí ìran. "Bàbá bàbá ẹ ńkọ́?" ó ní. "Ṣebí orí òkè ẹ̀yìn tẹ́ńpìlì yẹn ni wọ́n sin ín sí. Ó máa ń ra ewébẹ̀ lọ́wọ́ ìyá mi. Ìgbà wo lo roko ojú oórì ẹ̀ kẹ́yìn?"

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ tí gbogbo ilé ń gun òkè lọ gbá ojú oórì àwọn òkú wọn, Khoo ló máa ń wà lábẹ́ àtíbàbà nísàlẹ̀, tó ń bá ìlú sọ̀rọ̀ lórí pàtàkì bíbọ̀wọ̀ fún àwọn baba ńlá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé àdá, ó gun òkè lọ ní òun nìkan. Koríko ga ju orí rẹ̀ lọ. Ó rò pé ó wà lápá ọ̀tún, ó ṣán an títí ó fi kan òkúta, ó nu ojú òkúta náà: orúkọ Tsai ló wà lára rẹ̀. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀hún, ó tún ṣán an: Lim. Kò lè fi wọ́n sílẹ̀ ní ààbọ̀, nítorí náà ó roko wọn tán, ó gbá wọn mọ́, ó tẹríba fún wọn, ó sì tún gbé àdá. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí àwọn tó ń bọ̀ láti oko gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè, ohùn kan tí wọ́n mọ̀ dáadáa, tó ń ka orúkọ àwọn ẹni ẹlẹ́ni lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń wá Khoo.